Wọ́n Là Á, Wọn Ò Gé E

Ọdún kejìlélógún rèé tí obìnrin náà ti ń fi etí jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ki íápíìsì sí etí, kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dàlì abẹ́ tábìlì, kó máa gbọ́ ohun tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ikùn aláìsàn tán, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bó bá tẹ pẹ́dàlì, ohùn á máa lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ohùn á dúró. Bó bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á padà sẹ́yìn, dókítà á tún ohun tó ti sọ sọ, bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú jẹ́wọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Elétí Ehoro, torí wọ́n ní ohun tí ẹlòmíì ò lè gbọ́, òun a gbọ́ ọ. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nígbà kan. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, etí òsì rẹ̀ sì ti ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Bí wọ́n bá pè é ní Elétí Ehoro, á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ló sì bá a pín ògiri. Bí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń yí, ife tíì á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ògiri mìíràn ló sì kọjú sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé lókè òkun. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi rọ́pò wọn. Àga wọn ṣì wà níbẹ̀, tìmùtìmù wà lórí ọ̀kan, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta sì wá di ti ẹnì kan.

Kì í ṣe títẹ̀ ló le nínú iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ló le. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ dà bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà. Bí o ò bá mọ èyí tó ní àpá lójú, wọ́n á fi ara wọn tàn ọ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó túmọ̀ sí ìfun, òmíràn wà tó túmọ̀ sí egungun ìbàdí. Bákan náà ni wọ́n ń dún létí, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n lórí ìwé. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n gé egungun ìbàdí ọkùnrin kan ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n sì rán ojú rẹ̀ mọ́ ìfun ńlá. Dókítà tó kà á rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù, bóyá ìfun ló fi ń rìn.”

Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló ra ìwé kékeré kan ẹlẹ́yìn dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìbejì náà síbẹ̀ ní méjì méjì. Háípò, ó kéré jù. Háípà, ó pọ̀ jù. Insáìsì, wọ́n là á. Ẹksáìsì, wọ́n gé e kúrò. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, ìwé náà ti kún, ó sì ti há èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sórí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀. Ó yẹ ìwé náà wò lọ́jọ́ kan, ó ní, “Kí ló wá tuntun ńbẹ̀? Ṣé àwa náà ò ní ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ni? Obìnrin tí ò bá fetí sílẹ̀, ọkọ́ ni yóò gbé sùn.”

Òun náà dá a lóhùn pé, “Ọkọ́ tiẹ̀ dáa. Ọkọ́ kì í sọ̀rọ̀.”

Eré ló fi ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn kankan. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀, á na ọwọ́ sí i, á jókòó tì í láìfọhùn títí yóò fi jẹun tán.

Òfin iṣẹ́ náà kò ṣòro: ohun tí o kò bá gbọ́, má tẹ̀ ẹ́. Fa ìlà gbọọrọ sí àyè rẹ̀, kí dókítà fi bírò kún un nígbà tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í fẹ́ rí ìlà náà sójú. Èyí tó burú jù nínú wọn ni dókítà àgbà tí àwọn atẹ̀wé fi orúkọ bò láṣìírí, tí wọ́n ń pè ní Agbọ́rọ̀mì. Ọwọ́ rẹ̀ dáa púpọ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ọwọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Bó bá ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ìbòjú á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa tú yàà, ìdajì ọ̀rọ̀ á jáde, á gbé ìdajì yòókù mì. Bí wọ́n bá gbé ìwé onílà fún un, á ní, “Ṣé etí yín dí ni?”

Ó ṣe, ọ̀gá àwọn akọ̀wé kó ìwé mẹ́fà wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní, “Màdáàmù, ìlà ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín. Ìwé yín ti dà bí àwọ̀n ẹja.”

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dún dáadáa, á dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà á mú èyí tó jọ ọ́ jù, á máa lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sábà ṣì ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹyọ kan náà.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí Bàbá Fáìlì kan ilẹ̀kùn. Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pe olùtọ́jú ìwé ilé ìwòsàn náà, àgbàlagbà tó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ ibi tí nǹkan wà. Ó di fáìlì kan mọ́ àyà.

“Ọmọ mi, jókòó,” ló wí.

“Bàbá, orí ìjókòó lẹ bá mi.”

“Ó dáa. Má dìde nìyẹn.”

Ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé kan tí etí rẹ̀ ti pọ́n. “Lẹ́tà méjì tó wà níbí yìí, ta ló ni wọ́n?”

Òun ló ni wọ́n. Atẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ohun tó bá tẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lókè: ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìfọwọ́sí Agbọ́rọ̀mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí wúruwùru bí ìgbà tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ oníyíǹkì tan ilẹ̀.

Bàbá Fáìlì jókòó sórí àga ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ó ní obìnrin kan wà níta, aránṣọ ni. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn yìí pẹ̀lú inú rírun. Agbọ́rọ̀mì la inú rẹ̀, ó bá a pé ọyún ti kún àwọn túùbù méjèèjì tí ẹyin obìnrin máa ń gbà dé ilé ọmọ. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ara obìnrin náà yá, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì kó lọ sí ìlú míì. Ní ìlú náà, dókítà kan ka ìwé yìí, ó sọ fún un pé wọ́n ti gé túùbù méjèèjì kúrò, pé kò lè lóyún láéláé. Ohun tí ìwé wí nìyẹn: ẹksáìsì. Obìnrin náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún náà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni inú tún run ún, àpẹ́ńdíìsì ni. Dókítà mìíràn la inú rẹ̀, ó wo ibẹ̀ yíká, ó sì bá túùbù méjèèjì ní ipò wọn.

“Ó fi ojú ara rẹ̀ rí wọn,” Bàbá Fáìlì wí. “Ó ní kò sí ẹni tó gé wọn, àpá nìkan ló wà lára wọn.”

Ẹsẹ̀ Elétí Ehoro ṣì wà lórí pẹ́dàlì. Nínú íápíìsì tó fi kọ́rùn, dókítà kan ń sọ̀rọ̀ kékeré kékeré nípa orúnkún ẹnì kan.

“Kí ni obìnrin náà fẹ́?”

“Mo bi í. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀gá ní kí n sọ fún un pé kó lọ kọ lẹ́tà wá.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ ní kó padà wá lọ́la.” Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. “Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì ni a ń lò nígbà yẹn. Ṣé ó ṣì wà?”

Bàbá Fáìlì wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. “Ṣé o mọ̀ mí sí ẹni tí ń da nǹkan nù?”

Ó tó ọ̀sán kó tó rí i, nínú páálí kan lábẹ́ àwọn páálí mìíràn, pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Elétí Ehoro ti ilẹ̀kùn, ó ki íápíìsì sí etí ọ̀tún tó ṣì dára, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn Agbọ́rọ̀mì jáde, ó kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ó ti ń gbé e mì títí dòní. Omi ń tú. Ó ní ọyún wà nínú túùbù òsì, ó wà nínú tọ̀tún. Ó ní, “Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni a…” Ibẹ̀ gan-an ni ẹnì kan ti ju àwo irin sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, gbàràgàdà, ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ló sì kù: “…sáìsì.”

Ó dá a padà. Gbàràgàdà, sáìsì. Ó dá a padà ní ìgbà mọ́kànlá. Insáìsì ni, ẹksáìsì ni, kò sí etí ehoro kankan tó lè mọ̀ ọ́n. Àwo irin ti gba orí ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ó wá jẹ́ kó máa lọ síwájú. Agbọ́rọ̀mì ní, “Ọyún tú jáde. A fi omi iyọ̀ fọ inú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi fi mọ́.”

Ó bọ́ íápíìsì, ó gbé e sílẹ̀. Ta ní í gé nǹkan sọ nù tán tó tún ń fọ inú rẹ̀? Ká ní ó dúró, ká ní ó ka gbólóhùn kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ì bá ti mọ̀. Ká ní kò tiẹ̀ mọ̀, ìlà gbọọrọ kan ì bá ti tó. Bírò Agbọ́rọ̀mì ì bá kún un láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, bóyá ara rẹ̀ kò yá ni, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò rántí nǹkan kan. Ó ti tẹ ìwé bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì láti ọjọ́ tó ti dé ẹnu iṣẹ́. Èyí náà ti gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá bí àwọn yòókù.

Ó ránṣẹ́ pe Agbọ́rọ̀mì. Aago mẹ́rin kọjá kó tó dé, ìbòjú ti sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí iṣẹ́ abẹ mẹ́ta tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo yàrá náà yíká. Kò dé ibẹ̀ rí.

“Ṣé ibí lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ó gbóná o.”

“Àwọn afọṣọ ni, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan kan fún mi.”

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó kó ojú jọ. “Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èmi?” Ó ní kó dá a padà. Ó tẹ íápíìsì mọ́ etí, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé tí ń wo ibi jíjìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Kí ni mo sọ níbẹ̀?”

“Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn.”

Ó fi ìwé han án, ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́: pé òun kò gbọ́, pé òun méfò, pé ìlà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Agbọ́rọ̀mì ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìfọwọ́sí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá yíǹkì rẹ̀ á parẹ́.

“Ogójì ni mo máa ń fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan,” ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. “Bí ẹni ń lẹ sítáǹbù. Ọ̀rọ̀ gbogbo ti yé mi nínú orí, mo rò pé ohun tó wà nínú orí mi náà ló wà lórí ìwé.” Ó jókòó. “Aago mélòó ni obìnrin náà ń bọ̀ lọ́la?”

“Mẹ́wàá.”

“Màá wá.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó láìsọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Elétí Ehoro ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ títí, kò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣe eré.

“Ṣé wọ́n á lé ọ níṣẹ́ ni?”

“Mi ò mọ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí.”

“Kí ló ń dùn ọ́?”

“Pé mi ò rántí. Ọdún mẹ́sàn-án ayé ọmọ ọlọ́mọ, mi ò tiẹ̀ rántí ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó gbé àwo oúnjẹ náà sún mọ́ ọn. “Jẹun,” ló wí. “Ebi kì í bá ni tọrọ àforíjì.”

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá ò tíì lù tán tí aránṣọ náà fi wọlé. Ó tó ẹni ọdún méjìdínlógójì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òwú funfun kan sì lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Agbọ́rọ̀mì dìde fún un. Wọ́n fún un ní àga tó ní tìmùtìmù.

“Èwo nínú yín ló kọ ọ́?” ó bèèrè.

“Èmi ni,” Elétí Ehoro dáhùn. “Dókítà ló sọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ó yẹ kí n fi àyè sílẹ̀, mi ò fi sílẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ kan fún ara mi, èyí tí mo mú kì í ṣe òótọ́. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ‘ẹ má bínú’ kò tó nǹkan.”

Agbọ́rọ̀mì ní, “Èmi sì ni mo fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù.”

Aránṣọ náà wo àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni pé ó ti kó ìjà wá, tí kò wá rí ẹni bá jà.

“Mo rántí yín,” ó sọ fún dókítà. “Ẹ wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ ní, ‘A ti fọ̀ ọ́ mọ́.’ Oorun ṣì wà lójú mi, àmọ́ mo gbọ́ ọ. Nígbà tí dókítà kejì ka ìwé yìí, mo sọ fún un pé dókítà mi ní wọ́n fọ̀ ọ́ ni. Ó ní ìwé kì í parọ́, pé oògùn oorun ló ń dà mí láàmú lọ́jọ́ náà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àlá ni mo lá.”

Ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́yìn ògiri. Ife tíì ń gbọ̀n. Elétí Ehoro na ọwọ́, ó dì í mú.

“Mo ní àfẹ́sọ́nà nígbà yẹn,” aránṣọ náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ìyá rẹ̀ gbọ́ pé wọ́n fa ọyún jáde níkùn mi, ó ní oyún ni. Ó ní mo ti ṣẹ́yún. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣàlàyé fún un pé ohun tó ń jáde lójú egbò ni mò ń wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni dókítà kejì ka ìwé yìí fún mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Èmi fúnra mi ni mo lọ bá ọmọkùnrin náà, mo ní kó lọ fẹ́ ẹlòmíì. Ó ní kò sí wàhálà, mo ní wàhálà wà. Ó sunkún, ó lọ. Ó ti bí mẹ́ta báyìí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé fún àkọ́bí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ dáadáa ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.”

Ó kọjú sí Elétí Ehoro.

“Mà, kí ló ń ṣe yín lọ́jọ́ náà?”

“Mi ò rántí.”

“Ẹ rò ó dáadáa.”

“Mo ti rò ó láti àná. Ọjọ́ bí ọjọ́ gbogbo ni. Bí mo bá sọ fún yín pé ara mi ò yá, tàbí pé òkú kú nílé wa, irọ́ ni màá pa. Ó rẹ̀ mí ni, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń rẹ̀ mí.”

Ojú aránṣọ náà kún fún omi. “Mo fẹ́ kí nǹkan wà níbẹ̀ ni,” ó wí. “Kí ó jẹ́ nítorí nǹkan.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan ju àwo irin sílẹ̀.”

Ó sunkún. Kì í ṣe igbe, omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni tó ń nu òógùn. Elétí Ehoro kò sún mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òun ló yẹ kó wà léjìká obìnrin náà. Agbọ́rọ̀mì ló bu omi fún un.

Nígbà tó mu omi tán, ó ní, “Dókítà tó la inú mi kò ṣèlérí nǹkan kan. Ó ní wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti jìyà, ọjọ́ orí mi sì ti lọ díẹ̀. Mo gbọ́ ìyẹn. N kò wá bá yín wá ọmọ. Ẹ kọ òótọ́ sílẹ̀ fún mi.”

Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Agbọ́rọ̀mì dúró lẹ́yìn àga, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn náà kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ń ya ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ẹni tí ń to abẹ́rẹ́ sórí aṣọ. Elétí Ehoro ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. “Insáìsì?”

“Insáìsì. A là wọ́n. A kò gé wọn kúrò. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i, pé a kò gé wọn kúrò.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Lẹ́yìn tí ìwé jáde, ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà sì hàn débi pé ènìyàn lè ka orúkọ rẹ̀. Aránṣọ náà gbà á, ó kà á fúnra rẹ̀, ó ká a ní mẹ́rin. Ó ní, “Ẹ ṣé.” Kò sọ pé òun ti dárí jì wọ́n, wọn kò sì bi í.

Ọ̀gá àwọn akọ̀wé kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún Elétí Ehoro, ìpínrọ̀ kan péré. Ó gbà á láìjiyàn. Agbọ́rọ̀mì kọ tirẹ̀ sí àwọn aláṣẹ, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n pín in sí méjì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ń ka gbogbo ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdajì. Kò tún sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ níbi tó ti ń fọ ọwọ́ mọ́ ṣá, ìyẹn wà bẹ́ẹ̀. Elétí Ehoro lọ rí oníṣègùn etí, wọ́n sọ fún un pé etí òsì ti lọ tó ìdajì. Ó fi ìwé náà síwájú ọ̀gá, ó ní kí wọ́n wá ẹni kejì fún òun. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Títí wọn yóò fi wò ó, ó ń fa ìlà sí gbogbo ibi tí kò bá dá a lójú, àwọn dókítà ń kùn, òun sì ń jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí aránṣọ náà tó tún kan ilẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní, “Mà, mo wá gba ẹ̀dà kan sí i. Màmá mi ló fẹ́ tirẹ̀.”

“Ṣé wọ́n mọ̀wé kà ni?”

“Rárá o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí i ni. Wọ́n ní ìwé ló kó ìròyìn burúkú wá bá àwọn, ìwé náà ni kó wá kó o kúrò.”

Elétí Ehoro tẹ ẹ̀dà kan jáde. Ó wò ó, ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ìyá arúgbó yóò gbọ́, bí wọ́n tiẹ̀ kà á sí i létí. Ó yí i padà, ó mú bírò, ó sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: Ìyá wa, wọn kò gé nǹkan kan kúrò lára ọmọ yín. Ó gbé e fún aránṣọ náà.

Aránṣọ náà kà á. “Màá kà á fún wọn,” ó wí. Ó fi í sínú báàgì, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohùn mẹ́rìnlá ló ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń dúró dè é lọ́jọ́ náà. Ó mu tíì rẹ̀ tó ti tutù, ó sì tẹ àkọ́kọ́ nínú wọn.